Àtàǹpàkò Ìyá Àgbà

Mo gbé ìwé náà dé Kétu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan,
mo fi aṣọ wé e nínú àpò bí ẹni wé ìkókó.
Kì í ṣe ìwé tí à ń fi itọ́ ṣí.
Gíláàsì ni, iná ń bẹ nínú rẹ̀:
o fọwọ́ kàn án, àkùkọ a kọ;
o tún un kàn, òjò a rọ̀ sórí páànù.

Èmi ni mo ya gbogbo àwòrán rẹ̀
nínú yàrá mi ní Àjàṣẹ́, lóru, nígbà tí iná bá wà.
Mo ya ilé kan: bàbá, ìyá, ọmọ méjì,
ajá kan tó ń jùrù.
Mo rò pé mo ti ya ayé tán.

Níwájú ilé kan tí kò jìnnà sí ẹnu odi Ìdènà
àwọn ọmọ bò mí bí eṣinṣin ṣe ń bo máńgòrò.
Ìwé ní, "Fọwọ́ kan àwọn ará ilé rẹ."
Ìka ń jà lórí gíláàsì.
Abíọ́nà nìkan ló ká tirẹ̀ mọ́ra.
Ó wo bàbá, ó wo ìyá, ó wo ajá títí.
Ó ní, "Àwọn wo lẹ tì mọ́ta?"

Ojú ọ̀nà Pobẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nínú ọkọ̀ àgbàdo.
Ìyá rẹ̀ wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ó ń dirí fún àwọn onílẹ̀;
ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wálé, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.
Bàbá rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ ni a kì í bú u.
Ìyá àgbà ló ń fún un lóúnjẹ.
Àkànó, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń gun zẹ́mìjàn,
ló ń di irun rẹ̀, ṣùkú tó mọ́ tónítóní,
epo ẹ̀rọ ṣì wà léèékánná rẹ̀.

Mo padà sí Àjàṣẹ́. N kò sùn dáadáa.
Ajá, mo fi í sílẹ̀; ajá kò ṣẹ̀ mí.
Mo ya ìyálé tó ń wẹ ọmọ ìyàwó.
Mo ya ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ ti ṣaláìsí,
ó ń fẹnu fẹ́ ògì gbígbóná kó tó gbé e fọ́mọ.
Ìyá ń sọ Ògù, bàbá ń sọ Kétu,
ọmọ wọn ń fi èdè méjèèjì tọrọ ẹja.
Mo ya ọmọ kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni nílé,
tí gbogbo ilé ń pè ní tiwa.

Nígbà tí mo tún dé, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ jókòó.
Ó na àtàǹpàkò. Gíláàsì kò dáhùn.
Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.
"Gàrí ló pa á," ló wí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀,
"ogójì ọdún lójú iná. Ìwé yín kò mọ̀ mí."
Abíọ́nà fi ìka tirẹ̀ ṣáájú ìka rẹ̀,
ìka méjì bí ọ̀kan.
Arúgbó inú àwòrán sì sọ̀rọ̀, ohùn tèmi,
"Abíọ́nà, ṣé o ti jẹun?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe ń pè é!"
Ó pè é. Mo gbà á sílẹ̀,
tikọ́tikọ́, tadìẹtadìẹ,
àti zẹ́mìjàn Àkànó tó ń wọlé lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo ti ń di àpò mi nígbà tí ọmọ náà fà mí láṣọ.
Ó ní ó kù ẹnìkan.
Ó ní kí n ya fóònù sórí àpótí,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, kó máa tàn.
Mo yà á.
Mo fi àyè sílẹ̀ lórí àpótí náà,
ó fẹ̀ tó ìjókòó ènìyàn kan.